Ọkọ̀ panápaná fún ìlú kékeré: tuntun, tòkunbọ̀, alákàsọ̀ àbí tánkà omi?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ panápaná kì í pẹ́ di awuyewuye nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ẹ̀ka London á ní àwọn ti rí ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ lù ní gbànjo lọ́hùn-ún, kí àwọn ará ilé wá owó ọkọ̀ ojú omi. Alága káńsù á ní tuntun lòun fẹ́, nítorí èèyàn kì í gé rìbọ́n níwájú ọkọ̀ àlòkù. Àwọn ìyálọ́jà á ní èyíkéyìí tó bá ṣáà ti lè pa iná ni. Ẹnìkan á wá dìde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn pé ilé ẹ̀kọ́ ò lórùlé, pé kí la fẹ́ fi ọkọ̀ tí a ó gbé jáde lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún ṣe. Kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú wọn.

Láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, ó ti ṣòro díẹ̀ fún káńsù láti máa ní Gómìnà ló di owó mú. Ohun tó kù ni ohun tí wọn ó fi owó náà rà. Mo kọ èyí fún àwọn tó jókòó sídìí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ní ìlú tó jọ Ìwó, Ìkirun, Ìlá-Ọ̀ràngún tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó: ọjà ńlá, ilé alájà kan sí mẹ́ta, òpópónà tóóró, omi ẹ̀rọ tí kì í yọ lójoojúmọ́.

Owó náà, àti ohun tó wà lódìkejì rẹ̀

Ọkọ̀ panápaná tuntun ní Britain ń lọ sí nǹkan bí £300,000. Tí a bá ṣírò pọ́n-ùn kan sí 2,000 náírà, mílíọ̀nù 600 náírà nìyẹn, kó tó kan owó ọkọ̀ ojú omi àti Kọ́sítọ́ọ̀mù. Amẹ́ríkà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọkọ̀ pọ́ǹpù lásán ti ń sún mọ́ mílíọ̀nù kan dọ́là níbẹ̀, alákàsọ̀ sì ti kọjá mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ẹni tó bá sanwó lónìí tún lè dúró fún ọdún méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó kàn án fún un.

Ẹni tó bá gbọ́ iye yìí, tó sì ní ká fi kan òrùlé, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ká ní ọjà yín ní ṣọ́ọ̀bù 300, tí ẹrù inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mílíọ̀nù méjì náírà péré. Mílíọ̀nù 600 náà nìyẹn, iye ọkọ̀ tuntun kan gẹ́lẹ́, tó lè di eérú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọjà Akẹ̀sán, ọjà ọba nílùú Ọ̀yọ́, jóná lóru ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2020. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún un kọ́. Wọ́n á ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n ògiri tuntun kì í bá ẹni tó rajà láwìn san gbèsè.

Nítorí náà mo wà lẹ́yìn àwọn tó ní ká náwó. Ibi tí ọ̀nà èmi àti wọn ti pín ni ohun tí wọ́n fẹ́ ná an lé lórí. Ọkọ̀ ni gbogbo èèyàn ń wò. Omi ló ń pa iná.

Kí ló sábà ń jó ní ìlú yín?

Ẹ má tíì wo àwòrán ọkọ̀ kankan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgọ́ panápaná tó sún mọ́ yín, lọ́wọ́ ọlọ́pàá, lọ́wọ́ àwọn bàbá ọjà, pé kí ló ti jó láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àti níbo.

Tó bá jẹ́ ọjà àti ilé ni, omi púpọ̀ tó tètè dé ni ẹ nílò. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà márosẹ̀ ló gba àárín ìlú yín kọjá, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí omi lásán kì í pa iná epo bẹntiróò. Epo fúyẹ́ ju omi lọ. Ńṣe ló máa léfòó, tí iná á sì máa bá omi ṣàn wọ gọ́tà lọ bá ilé tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Fóòmù ni wọ́n ń lò fún un, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ omi ní ìwọ̀n 3 tàbí 6 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán. Ọkọ̀ tí kò ní táǹkì fóòmù àti ẹ̀rọ tó ń pò ó kò bá ìlú etí ọ̀nà ṣe àfi ìdajì iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìdajì kejì kò sí lọ́wọ́ ọkọ̀ rárá. Ní Majiya ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, èèyàn tó lé ní 150 ló kú nídìí tánkà epo tó dojú dé, ọ̀pọ̀ wọn ló lọ gbọ́n epo. Ẹni tó máa lé èrò sẹ́yìn ni kò tó níbẹ̀.

Ìlú tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tàbí wa kùsà tún ní ewu tirẹ̀. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàmù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan ní Bódìjà, n'Íbàdàn, bú gbàmù, ó sì wó ilé púpọ̀. Ohun tí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ni katapílà, ọkọ̀ ambulance àti iná tó mọ́lẹ̀ kedere. Ọkọ̀ olómi kì í gbé búlọ́ọ̀kù kúrò lórí èèyàn.

Tí ìwé àkọsílẹ̀ yín bá sì fi hàn pé jàǹbá ọkọ̀ ló ń pa yín jù, ẹ dákẹ́ ọ̀rọ̀ panápaná ná. Ambulance kan àti ẹ̀rọ tó ń gé irin ọkọ̀ láti fi yọ ẹni tó há sínú rẹ̀ máa gba ẹ̀mí là ju ọkọ̀ pupa lọ. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 pàápàá ya owó kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìnáwó ọ̀hún ló gbọ́dọ̀ jáde lápò ìlú.

Ìṣírò omi

Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí jù.

Ọkọ̀ tí ẹ̀ka London máa ń rí yẹn sábà ń gbé omi lítà 1,800. Kì í ṣe ahun ló mú àwọn tó kàn án. Ní ìlú tí wọ́n kàn án fún, páìpù omi ìjọba ń bẹ lábẹ́ títì, ojú ibi tí panápaná ti ń so họ́ọ̀sì mọ́ ọn sì ń bẹ káàkiri àdúgbò. Omi inú ọkọ̀ wà fún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìkan, kí ẹnìkan tó ráyè ṣí omi ìta.

Họ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ń tú nǹkan bí lítà 450 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi 450 pín 1,800: ìṣẹ́jú mẹ́rin. Tí ẹ bá so họ́ọ̀sì kejì, ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, tí omi ìta ò bá sí, ọkọ̀ náà ti di ìjókòó. Ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ló ń bí ariwo tí a máa ń gbọ́ pé “panápaná wá láìgbé omi”, tí àwọn ọ̀dọ́ á sì máa sọ òkúta lu òṣìṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n gbé omi wá. Ó tán ni.

Kí ni ìlú yín lè fi rọ́pò páìpù abẹ́ títì? Ọ̀pọ̀ á ní odò, tàbí kànga, tàbí kànga ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò.

Kànga lásán kò wúlò tó bí a ṣe rò. Pọ́ǹpù tó dúró lókè ilẹ̀, bó ti wù kó lágbára tó, kì í lè fa omi láti ibi tó jìn ju nǹkan bíi mítà méje lọ. Afẹ́fẹ́ ló ń ti omi gòkè nínú họ́ọ̀sì ìfàmu, agbára afẹ́fẹ́ sì níwọ̀n. Kànga tó jìn tó mítà 12 lè fún gbogbo àdúgbò lómi nípa korobá, kó má sì fún ọkọ̀ panápaná ní ẹ̀kán kan.

Odò àti ìdídò dára tí ọkọ̀ bá lè dé etí rẹ̀ láì rì. Ẹ lọ wò ó ní oṣù Kejì, ẹ má lọ wò ó ní oṣù Kẹsàn-án. Àsìkò ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ni iná ń jà jù, ìgbà yẹn náà sì ni odò ń fà sẹ́yìn.

Kànga ẹ̀rọ nìkan kò tó. Èyí tó ń tú lítà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan máa gba bíi wákàtí mẹ́ta kó tó kún tánkà lítà 10,000. Ohun tó ń mú un wúlò ni táǹkì ńlá lórí òpó gíga, lítà 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó kún ní gbogbo ìgbà, tí wọ́n sì fi páìpù ìwọ̀n ínǹṣì mẹ́rin jáde lára rẹ̀, pẹ̀lú ẹnu tó bá họ́ọ̀sì panápaná mu. Ẹ̀rọ lásán tí àwọn ọmọ fi ń pọnmi kò lè kún ọkọ̀ lásìkò ìjà. Ẹ fi ọ̀kan sẹ́yìn ọjà, ọ̀kan lẹ́bàá gáréèjì, ọ̀kan sí àárín ilé àtijọ́ tí òrùlé ti fara kan òrùlé. Láàárín ọ̀sẹ̀, kí ìlú máa mu nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnu páìpù ìmu wà lókè ìdajì táǹkì, kí ìdajì ìsàlẹ̀ jẹ́ ti iná nìkan. Ọgbọ́n kékeré yìí kò ná ìlú ní kọ́bọ̀.

Wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Tuntun tí a pàṣẹ fún | Tòkunbọ̀ Britain | Tánkà omi oní-pọ́ǹpù | Pọ́ǹpù àgbéká pẹ̀lú táǹkì gíga |
|---|---|---|---|---|
| Omi | bí ẹ bá ṣe fẹ́, ká ní lítà 5,000 | lítà 1,800 | lítà 10,000 | lítà 20,000, ojú kan |
| Ìgbà tí họ́ọ̀sì kan á fi lò ó | ìṣẹ́jú 11 | ìṣẹ́jú 4 | ìṣẹ́jú 22 | ìṣẹ́jú 44, tó bá kún |
| Ẹni tó lè tún un ṣe | dá lórí irú ọkọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ | ó ṣòro fún irú ọkọ̀ kan | mẹkáníìkì onítípà | mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ |
| Ibi tó ti ń kùnà | owó àti ìdúró pípẹ́ | omi, páàtì, ìdarí ọwọ́ ọ̀tún | òpópónà tóóró | ibi tó jìnnà sí táǹkì |

Tuntun àbí tòkunbọ̀

Ọkọ̀ panápaná àlòkù láti Britain lè má ju £5,000 sí £20,000 lọ lọ́hùn-ún. Ìyẹn ló ń dá ojú àwọn èèyàn wa lókè òkun. Àwọn ilé iṣẹ́ panápaná Britain sábà máa ń tà á nígbà tó bá ti lo bí ọdún 12 sí 15. Ìlànà Amẹ́ríkà ní kí ọkọ̀ tó ti kọjá ọdún 15 lọ jókòó gẹ́gẹ́ bí àfikún, kí wọ́n sì fi èyí tó bá pé ọdún 25 sílẹ̀ pátápátá. Nítorí náà ẹni tó bá ra èyí tó ti ṣe ọdún 18 nítorí ó pọ́n dán ti ra ọkọ̀ tí àwọn tó kàn án ti ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ìyẹn ò ní kí ẹ má rà á. Ó ní kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń béèrè. Èyí ni àwọn tí mo máa bi wọ́n kí n tó san kọ́bọ̀.

Ìdarí rẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ ọ̀tún ni ti Britain. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún títì, ìdarí ọwọ́ òsì ló sì bá a mu. Dérébà tó jókòó sí apá ibi gọ́tà, tó ń sáré lọ síbi iná láàárín ọ̀kadà, kò rí ohun tó ń bọ̀ níwájú tó bá fẹ́ ya ẹlòmíràn sílẹ̀. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù àti FRSC kí ọkọ̀ tó wọ inú ọkọ̀ ojú omi. Èbúté kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀.

Ta ló kàn án? Scania, MAN, Volvo àti Mercedes kò ṣòro, nítorí àwọn onítírélà wa ń lo wọ́n, páàtì wọn sì wà. Dennis tó gbajúmọ̀ jù láàárín ọkọ̀ panápaná Britain nígbà kan rí ti dẹ́kun kíkàn ẹsẹ̀ ọkọ̀ panápaná, ìyẹn chassis tí wọ́n ń kan ara ọkọ̀ lé lórí, tipẹ́. Ó wọ́pọ̀ ní gbànjo, ó sì pọ́ọ́kú. Ẹ̀yin náà mọ ìdí tí ọjà fi ń pọ́ọ́kú.

Ọdún wo ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀? Ibí ni ọgbọ́n wa máa ń yí dànù: a rò pé èyí tó tuntun jù ló dára jù. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá ilẹ̀ Yúróòpù láti ọdún 2014 síwájú, tí wọ́n ń pè ní Euro 6, ń fẹ́ dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ dáadáa, ó sì ń fẹ́ AdBlue, omi kan tó ń dín oró èéfín kù, tí wọ́n ń bù sí táǹkì tirẹ̀. Tí AdBlue bá tán, tàbí tí dísẹ́ẹ̀lì ìdọ̀tí bá dí asẹ́ èéfín rẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè dín agbára ẹ́ńjìnnì kù fúnra rẹ̀. Kò bìkítà bóyá ọjà ń jó. Èyí tó dàgbà ju ìyẹn lọ díẹ̀, tí pọ́ǹpù rẹ̀ ṣì le, lè bá ìlú wa mu jù ú lọ.

Irú ẹnu họ́ọ̀sì wo ló ní? Ti Britain ni èyí tí wọ́n ń tì bọ ara wọn, ti Jámánì ni Storz tí wọ́n ń yí díẹ̀ kó tó dè, ti Amẹ́ríkà ń dè bí ìdérí ìgò. Èyí kò jọ nǹkan lójú ẹni tí kò ṣiṣẹ́ náà rí. Ṣùgbọ́n ìlú tó gba ọkọ̀ kan láti Houston, òmíràn láti Manchester, tó sì fi ẹnu Storz sára táǹkì gíga rẹ̀, ti kọ́ ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò bá ara mu. Ẹ mú irú kan fún gbogbo ìlú, ẹ ra èyí tó ń so àwọn yòókù mọ́ ọn, kí ó sì wà nínú ọkọ̀.

Nígbà tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fèrè rẹ̀ dá yín lára yá. Kí wọ́n fà omi láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, kí wọ́n sì tú u fún wákàtí kan gbáko. Pọ́ǹpù tó ń tutọ́ nínú ìdè rẹ̀ á fara hàn kí wákàtí náà tó pé. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ọkọ̀ panápaná kì í rìn púpọ̀, nítorí náà táyà rẹ̀ lè dúdú minimini kó sì ti gbó.

Tí ẹ bá lówó tuntun, ẹ má pàṣẹ ohun tó wà nínú ìwé àwòrán. Ẹ ní kí wọ́n kàn án sórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí àwọn onítípà ìlú yín ń lò. Howo ti China ń ṣe irú rẹ̀, mẹkáníìkì rẹ̀ sì wà ní gbogbo gáréèjì tí wọ́n ti ń kó yanrìn. Ẹ ní kí omi inú rẹ̀ tó lítà 5,000, kí fífẹ̀ rẹ̀ sì bá òpópónà ọjà yín mu. Ẹ fi rópù wọn òpópónà náà lọ́jọ́ ọjà, pẹ̀lú àtẹ àti agbòòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó kọ ìwọ̀n ránṣẹ́.

Alákàsọ̀

Mi ò ní lo àkókò púpọ̀ lórí èyí, nítorí mi ò rí ìlú kékeré kan nílẹ̀ wa tó yẹ kó rà á.

Ìdí tí ìlú kékeré Amẹ́ríkà fi ń rà á kì í ṣe iná nìkan. Àjọ kan tí wọ́n ń pè ní ISO ń fún ìlú ní máàkì láti 1 dé 10, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò sì ń wo máàkì náà kí wọ́n tó dá owó lé ilé. Tí ilé alájà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá ti tó márùn-ún ní àgbègbè kan, wọ́n á retí àkàsọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà onílé tó ń sanwó orí fún alákàsọ̀ lè rí díẹ̀ gbà padà lára owó adójútòfò rẹ̀. Ní Ìkirun, ta ni owó adójútòfò rẹ̀ máa dínkù?

Ọkọ̀ náà wúwo, ó ń na ẹsẹ̀ irin síta lọ́tùn-ún lósì kó má baà ṣubú, ó sì ń fẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́. Wáyà NEPA tó ta kókó lórí òpópónà wa kò ní jẹ́ kí àkàsọ̀ náà gbérí. Fún ilé alájà mẹ́ta, àkàsọ̀ àfọwọ́gbé mítà 13.5 tí ọkọ̀ panápaná Britain sábà ń gbé sórí ti tó, tí òṣìṣẹ́ mẹ́rin tó mọṣẹ́ bá wà láti gbé e dìde.

Àwọn kan á ní ìlú ń dàgbà, ilé gíga ń bọ̀. Cocoa House n'Íbàdàn, alájà 26, ga tó nǹkan bí mítà 105. Nígbà tó jóná ní oṣù Kìíní ọdún 1985, àkàsọ̀ mítà 30 ì bá má dé ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ohun tó ń dáàbò bo irú ilé bẹ́ẹ̀ ni páìpù omi inú rẹ̀, àtẹ̀gùn tí èéfín ò lè wọ̀, àti ọ̀gá ilé tí kì í ti ilẹ̀kùn ìsásálà pa. London pàápàá, lóru ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2017 tí Grenfell Tower jóná tó sì pa èèyàn 72, àkàsọ̀ mítà 42 tí wọ́n gbé débẹ̀, Surrey ni wọ́n ti pè é wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ra tiwọn tó gùn tó mítà 64. Tí London bá lè yá a, Ìwó lè yá a lọ́wọ́ Òṣogbo.

Yíyá lọ́wọ́ aládùúgbò

Èyí ni ìdáhùn tí àwọn tó kọ ìnáwó sábà ń fún wa: ẹ jẹ́ kí olú ìlú ìpínlẹ̀ wá ràn wá lọ́wọ́. Ó bọ́gbọ́n mu fún ohun tó ń pẹ́. Kò bọ́gbọ́n mu fún iná ilé. Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn tó nǹkan bíi kìlómítà 50. Ọkọ̀ tó gbé omi tó sì ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan á lo ìṣẹ́jú 50, tí kò bá pàdé ohunkóhun lójú ọ̀nà. Yàrá tí àga fóòmù àti kọ́tìnì ọ̀rá kún inú rẹ̀ lè gbiná látòkè délẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tí ẹ máa nílò láàárín ìdá mẹ́rin wákàtí àkọ́kọ́, ẹ rà á. Alákàsọ̀, katapílà, fóòmù lọ́pọ̀ yanturu, ẹ fi ìwé àdéhùn yá a, kí nọ́ńbà ẹni tó ń gbé e jáde sì wà lọ́wọ́ yín kí iná tó ṣẹ́.

Òkú ọkọ̀ tó wà ní àgọ́

Ọ̀pọ̀ ìlú tó ń pariwo pé àwọn ò ní ọkọ̀ panápaná ló ní ọ̀kan, tí koríko ti hù yí ká táyà rẹ̀. Kò sí gómìnà tó ń gé rìbọ́n fún bátìrì. Síbẹ̀, ẹ mú mẹkáníìkì ọkọ̀ ńlá kan àti ẹni tó mọ pọ́ǹpù lọ wò ó. Bí ẹ́ńjìnnì àti pọ́ǹpù bá ṣì wà ní odindi, bátìrì, táyà, họ́ọ̀sì tuntun àti ìdè pọ́ǹpù lè jí i dìde pẹ̀lú owó tí kò tó ti gbígbé tòkunbọ̀ wọ̀lú. Tí ìpìlẹ̀ irin rẹ̀ bá ti dípẹtà, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn onírin àlòkù.

Owó tí kì í sí nínú ìwé ìdíyelé

Ọkọ̀ kan ń fẹ́ èèyàn mẹ́rin ní ìgbà kan náà: dérébà tó tún ń ṣe pọ́ǹpù, ọ̀gá, àti méjì nídìí họ́ọ̀sì. Ìṣọ́ mẹ́ta lójúmọ́, èèyàn 12. Ẹ fi mẹ́ta kún un fún ìsinmi àti àìsàn, ó di 15. Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà láti oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ní ọdún kan, mílíọ̀nù 12.6 náírà nìyẹn, tí gbogbo wọn bá sì jẹ́ ẹni tó ń gba owó tó kéré jù, èyí tí kò yẹ ẹni tó ń wọnú iná. Dísẹ́ẹ̀lì, aṣọ iṣẹ́, bàtà, ẹ̀rọ ìmí inú èéfín àti ìdánwò pọ́ǹpù kò tíì sí nínú rẹ̀. Ìlú tí kò lè kọ orísun owó yìí sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún kò tíì tó ọkọ̀ ńlá rà, bí wọ́n tilẹ̀ fi ta á lọ́rẹ.

Pọ́ǹpù àgbéká ló yàtọ̀ níbí. Kìkì èèyàn méjì sí mẹ́ta ló ń gbé e. Àwọn ọlọ́dẹ ọjà, àwọn welda àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí panápaná ìpínlẹ̀ máa wá dán wọn wò. Kò ní pa iná ilé ìtajà alájà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n yóò dé ibi iná ṣọ́ọ̀bù kan kí ó tó di ti ogún.

Bí èmi ì bá ṣe yàn án

Ìlú tí kò ní nǹkan kan: táǹkì gíga mẹ́ta pẹ̀lú pọ́ǹpù àgbéká méjì lọ́dún àkọ́kọ́. Tánkà omi lítà 10,000 tó ní pọ́ǹpù tirẹ̀ lọ́dún kejì. Ó ń pa iná, ó sì tún ń gbé omi fún ọkọ̀ tó bá wá ràn yín lọ́wọ́.

Ìlú tó ti ní àgọ́ àti òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ rẹ̀ kú: ẹ jí ti ilé dìde, kí ẹ tó fọwọ́ kan ti òkèèrè. Tí kò bá ṣeé jí, tòkunbọ̀ tó dáhùn gbogbo ìbéèrè tó wà lókè yẹn, pẹ̀lú tánkà omi tí yóò máa tẹ̀ lé e. Kí tòkunbọ̀ má dá jáde lọ láé.

Ìlú etí ọ̀nà márosẹ̀ tó lówó lọ́wọ́: tuntun, lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí mẹkáníìkì yín mọ̀, pẹ̀lú táǹkì fóòmù. Nínú gbogbo wọn, èyí nìkan ni mo lè gbè lẹ́yìn nígbà tí alága bá ń wá ìdí láti gé rìbọ́n.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ilé iṣẹ́ panápaná ìpínlẹ̀ ló máa ń ní òṣìṣẹ́ tí yóò wà á, nítorí náà ẹ kọ ìwé kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Kí ó wà nínú rẹ̀ pé ọkọ̀ náà kò ní kúrò ní ìlú ju wákàtí 24 lọ láìsí ìbuwọ́lù ìgbìmọ̀ ìlú, nítorí ọkọ̀ tuntun máa ń ní ọ̀nà tó ń gbà bá ara rẹ̀ ní olú ìlú ìpínlẹ̀. Kí ó wà níbẹ̀ pé káńsù ló ń ra dísẹ́ẹ̀lì, pé wọ́n ń tan ẹ́ńjìnnì àti pọ́ǹpù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti pé ìyálọ́jà tàbí aṣojú rẹ̀ ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń tú omi, tó sì ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìṣọ́. Kí nọ́ńbà fóònù àgọ́ náà, pẹ̀lú 112, wà ní kíkọ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀dà pupa, níbi tí ọlọ́dẹ ti lè fi tọ́ọ̀ṣì kà á lóru.